Imú Tí Bàbá Hàmídù Gbàgbé Sílé

Ọkọ̀ ojú omi ti dé àárín ọ̀sà nígbà tí Bàbá Hàmídù fò dìde. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Àwọn obìnrin ké "Yéè!" Nílé ẹbí Bàbá ní Efire, létí ọ̀sà, la ti gbéra, abúlé kejì là ń lọ fún àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá kan nínú ẹbí wa. Bàbá ń tú àpò bùbá, ó ń tú àpò ṣòkòtò.

"Ẹ dá ọkọ̀ padà! Mo gbàgbé imú mi sílé!"

Ọlọ́kọ̀ wò ó. Ó wo imú náà. Imú ńlá ni, kò sí ẹni tí kò ní rí i. "Bàbá, imú yín rèé lójú yín."

"Èyí kọ́! Èyí ò ṣiṣẹ́!"

Wọ́n dá ọkọ̀ padà. Àwọn èrò bú u títí dé èbúté. Kò gbọ́. Ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń fi ẹnu mí bí ẹja inú agbọ̀n. Oògùn imú ló gbàgbé, ike kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ará Ìjẹ̀bú-Igbó bá ti rí i lọ́nà, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé ẹ mú imú dání?"

Bàbá wa ni. Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbi tí à ń gbé, ló ti ń ta pákó, nílé ìlagi. Kì í fojú mọ igi. Imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Á dijú, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á gbé pákó sí i nímú. "Ìrókò. Kò tíì gbẹ. Gbé e kúrò." Ó ní ojú ń tanni jẹ. Wọ́n lè kun igi, wọ́n lè fi epo ẹ́ńjìnnì pa á, wọn ò lè kun òórùn. Àwọn kápẹ́ńtà á wá láti Àgọ́-Ìwòyè, wọn ò ní rajà títí Bàbá á fi gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá jiyàn, Bàbá á ní, "Ìwọ fi ojú rẹ ra tìẹ. Tí ikán bá dé, fi ojú náà lé e."

Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Eruku igi kún un. Ó lọ sí kẹ́míìsì, ó ra oògùn tí wọ́n ń fín sí imú. Ó fín in, imú là gbàgà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fún ẹni tó tà á ní pákó kan lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ike pé kó má ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Bàbá ò kàwé, àwa náà ò kà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan di ọdún mẹ́rin.

Ike mẹ́fà ló ní. Ọ̀kan nílé ìlagi, ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí, ọ̀kan nínú fìlà. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan ó forí kanlẹ̀, ike bọ́, ó yí gbirigbiri lọ bá Lèmọ́ọ̀mù. Bàbá rákò tẹ̀lé e. Wọ́n bá a wí lẹ́yìn ìrun. Ó ní bí òun ò bá mí, ta ni yóò wá kí ìyókù ìrun náà?

À ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa, Asimawu, kì í bá wa rín. Òun nìkan ló mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Efire ni wọ́n bí Bàbá sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n fa Bàbá yọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi sá wá sínú igbó wá ta pákó. Ṣùgbọ́n bí imú bá ti dí, omi náà ló ń gbọ́. Á ní, "Asimawu, ó tún ń wọ̀ mí nímú."

Tíṣà Akínbọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó di nǹkan sínú aṣọ.

"Onímú, dijú. Igi kan rèé, mo fẹ́ rà á."

Bàbá dijú, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fa imú. Ó tún fà á.

"Igi ọ̀mọ̀ ni. Ó ti gbẹ dáadáa. Á dára fún àga."

Gbogbo ilé ìlagi ṣubú fún ẹ̀rín. Ẹja yíyan ni.

Bàbá bá wọn rín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ìtì igi. Tíṣà rí ojú rẹ̀.

"Hàmídù, kí ló dé?"

"Akínbọ́lá, mi ò gbóòórùn kankan. Ó ti pẹ́. Mò ń méfò ni."

Afeezat, ọmọ àbúrò Ìyá wa, nọ́ọ̀sì ni ní Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tó wá kí wa, Ìyá kó gbogbo ike náà sínú àwo, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ń lò ó?"

"Tí imú bá dí ni."

"Ìgbà wo ló ń dí?"

"Tí mi ò bá tíì lò ó."

Afeezat ò rín. "Bàbá, oògùn yìí gan-an ló ń dí i. Ó ń mú kí inú imú fà sẹ́yìn. Tí agbára rẹ̀ bá tán, imú á wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tún fín in, ó tún wú. Kò yẹ kó ju ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin lọ."

"Ìyẹn ni pé panápaná ló ń dáná sun ilé?"

"Òun gan-an ni."

"Ta ló wá pè é?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tan iná sínú imú, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ga. Ó ní oògùn náà lè wà lára ohun tó ń gbé e sókè, kí Bàbá fi í sílẹ̀. Ó fún un ní òmíràn tí kì í yára, tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ó ní kó máa fi omi iyọ̀ ṣan imú, omi tí a ti sè tó ti tutù. Bí kò bá lè fi oògùn sílẹ̀ nínú ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Bàbá ronú sí i. "Ó dáa. Kí ti ọ̀tún gbààwẹ̀, kí ti òsì máa jẹun."

Ìyá gba ike márùn-ún, ó kó wọn dànù. Ó so ẹ̀kẹfà mọ́ etí ìró rẹ̀, fún ti òsì.

Ọjọ́ kẹta burú. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ọ̀tún dí pa, òsì náà fẹ́ bá a dí. Bàbá di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Òógùn bò ó. Ojú rẹ̀ ń wò, kò rí wa. A ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àgbàlagbà tó ń gbọ̀n bí ọmọ ẹyẹ. Kò sẹ́ni tó rín.

"Asimawu, mò ń rì! Ẹ̀kán kan péré!"

"Ẹ̀kán kan lẹ ti ń pè é láti ọdún mẹ́rin."

"Mo ní mò ń rì!"

"Ẹni tó ń rì kì í lè pariwo, Bàbá Ìdrís. Ẹ máa pariwo lọ. Mo wà níbí."

Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá pariwo. Ó bú Afeezat, ó bú dókítà, ó bú ẹni tó ṣe ike. Ó pariwo títí dé Mọ̀gàríbì. Kò kú. Ó yà á lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀tún là. Ó fi àtàǹpàkò dí òsì, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọlé!" Tíṣà ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, ọkùnrin àádọ́rin ọdún kì í mí fún aráyé wò. Bàbá ní, "Kèfèrí, ìlara ni."

Ó kan òsì. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, a rí i. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gba ike tó kù lọ́wọ́ Ìyá, ó sọ ọ́ sí ṣáláńgá. Ó dúró létí ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó sin èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ń jẹun lọ́sàn-án, ó dá ọwọ́ dúró. Ó gbóòórùn. "Asimawu, ìkọ́kọrẹ́ yìí jóná."

Ìyá ò gbójú sókè. "Ó ti ń jóná láti ọdún mẹ́rin."

Ó lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ pẹ̀lú imú tó là. Kì í ṣe imú ló pa á. Ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́, lọ́sàn-án Sátidé, lórí àga níwájú ilé ìlagi.

A wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni wọ́n ní kí n nu imú rẹ̀. Aṣọ tútù ni. Wọ́n ní kí n rọra. Mo rọra. Nígbà tó yá, Àáfà mú òwú. Ó ya á sí méjì, ó ká a, ó rí bí ọmọ ìka. Mo mọ ibi tó ń lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, Àáfà. Ẹ má dí i."

Àáfà wò mí. Ó wo imú náà. Kò sí ohun tó ń jáde níbẹ̀. Ó ní kò pọn dandan. Ó dá òwú padà sínú ọ̀rá. Ìdrís, ẹ̀gbọ́n mi, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀.

A sin Bàbá wa kí oòrùn tó wọ̀, ihò imú méjèèjì là sílẹ̀.