Gíláàsì Tí Mò Ń Kàn fún Rauf

Rauf tó ń gbé ní Ilo-Awela, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Èmi Hajarat ni mò ń gbálẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn l'Ọ́tà. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyí: á gbé dáyámọ́ǹdì tí ò tó hóró ẹ̀wà sínú ẹ̀rọ, á tan gáàsì sí i títí iná ẹ̀ á fi ní àwọ̀ àlùkò, á wá rọra ki nǹkan tí wọ́n ń pè ní bórọ́nù sí i lára. Dáyámọ́ǹdì lásán kì í gbé iná mànàmáná. Tó bá ti mu bórọ́nù yẹn, á máa gbé e. Ṣùgbọ́n tó o bá dá a dúró láàárín, ó bàjẹ́ nìyẹn. Torí gáàsì, Rauf á ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá onígíláàsì látinú, fóònù ẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi níta.

Ẹnu mi kì í sinmi. Ojoojúmọ́ ni mò ń kan gíláàsì: "Rauf, ìyàwó ẹ dé o!" Ọmọ tí ò tíì níyàwó! Lọ́jọ́ kan mo bú sẹ́kún pé eku bù mí jẹ. Ó sáré jáde, mo bú sẹ́rìn-ín. Dáyámọ́ǹdì ọjọ́ yẹn bàjẹ́. Kò bínú, ó kàn ní, "Àǹtí Hajarat, mi ò ní jáde fún ẹkún yín mọ́ láéláé."

Sátidé kan, àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. Fóònù Rauf dún lẹ́yìn ìrun Àílà. Àmọ̀dá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni.

"Ẹ sọ fún Rauf, Màámi ti kú. Kó tètè wá wo ojú wọn. Tá a bá ti kírun Alásárì tán, a máa sin wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é!"

"Àǹtí, ṣé à ń gbé òkú Mùsùlùmí pamọ́ ni?"

Mo kan gíláàsì. Mo gbé fóònù sókè. Mò ń sunkún, omijé gidi. Rauf wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ju ọwọ́ sí mi bí ẹni ń lé adìẹ, ó kọ̀yìn sí mi. Mo gbá gíláàsì títí ọwọ́ mi fi wú. Ẹ̀rọ ti ń pariwo jù, kò gbọ́ ohun tí mò ń wí.

Alásárì ti kọjá kó tó jáde. Ó na àwo kékeré sí mi: "Àǹtí, ó ti gbà á! Á gbé iná!"

Mo pe Àmọ̀dá padà. Mo gbé fóònù fún un.

Ọ̀kadà la gùn. Ká tó dé ibi sàárè, wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ bo ìyá ẹ̀. Rauf fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó tún fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá ní dáyámọ́ǹdì yẹn ló dáa jù nínú gbogbo èyí tó ti ṣe. Rauf ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà ò kan gíláàsì mọ́. Lánàá, òun ló kàn án látinú. Ó ń ṣí ọwọ́ pa ọwọ́ dé bí ẹnu, pé kí n sọ̀rọ̀, kí n dá òun lẹ́rìn-ín.

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.