Òdòdó Baba Aláago

Ohun tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí olóògbé Baba Aláago ni ọjọ́ tó dá katakata dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ gbẹ́ gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Baba jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú wọn.

"Ẹ rọra. Ẹnì kan ń sùn níbẹ̀."

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ katakata. "Baba, níbo lẹni náà wà?"

"Lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ojú ara wọn, ni wọ́n bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá méjì dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí. Iṣu kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. "Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni," ni Baba wí. "Ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á."

Ìyàwó rẹ̀ ló lọ bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó fi Baba àti iṣu rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ló wá ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tó bá wá bá a kẹ́dùn. Ó ti sọ ọ́ débi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi ẹ̀rín.

Aago ni Baba ń tún ṣe, àmọ́ òdòdó ilẹ̀ kan tó ń hù láti ara iṣu yẹn, tí kò ga ju ìka àárín lọ, ló gba ọkàn rẹ̀. Ọ́kíìdì ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ibi tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré lé ni Baba ti hú u wá gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ó kó o sínú ìkòkò: iyanrìn oníhóró, ewé tó ti jẹrà, àti ẹ̀kúnwọ́ kan nínú erùpẹ̀ ibi tó ti wá, torí nǹkan bí olú kan tí ojú ò lè rí wà níbẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Omi òjò nìkan ló ń mu. Bí ewé rẹ̀ bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsinmi ló ń ṣe. Ẹni tó bá bomi rin ín nígbà yẹn ti jẹ́ kí iṣu rẹ̀ jẹrà.

Oníbàárà kan wá gba aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bá Baba tó fi ẹ̀mú aago ń gbé ìyẹ̀fun inú òdòdó kan lọ sínú èkejì. "Baba, aago mi ńkọ́?"

"Kòkòrò tó niṣẹ́ yìí ò wá lónìí," ni Baba fèsì láìgbójú sókè. "Èmi ni mo ń bá a ṣe é."

Oníbàárà lọ ra aago tuntun.

Nígbà kan, ìyàwó rẹ̀ ṣèèṣì fi omi òjò Baba fọ aṣọ. Baba ṣí fìlà níwájú ìkòkò. "Ẹ má bínú," ló wí fún òdòdó. "Kò mọ̀ ni." Ìyàwó dáwọ́ aṣọ fífọ̀ dúró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò tíì fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni Baba kú. Òdòdó náà ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, ìkòkò wá dà bí ìkòkò erùpẹ̀ lásán. Aránṣọ ilé kejì ṣàánú, ó gbé ife omi wá.

"Gbé e padà," ni ìyàwó Baba wí.

"Màmá, ó mà ti gbẹ."

"Mo rí i."

Ọmọbìnrin rẹ̀ náà fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sílé tirẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká da erùpẹ̀ yìí nù, Màmá, ká máa lọ. Kí lẹ tún ń dúró dè?"

"Òjò ni. Bàbá ẹ ní ó máa jí. Èmi ò gbà á gbọ́, àmọ́ mi ò lágbára láti bá a jiyàn mọ́."

Ọmọ náà wò ó, ó lọ bá a tú ẹrù tó ti dì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí òjò ti ń rọ̀, ewé kan yọ, ó tinrín bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ìtànná kan là lórí rẹ̀, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ìyàwó Baba gbé àga wá síbẹ̀, ó jókòó pẹ̀lú ìrora eékún.

"Nítorí ìwọ báyìí," ló wí. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n títí omijé fi dà lójú rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nù ún.

Oòrùn ọ̀sán ti ń yọ́ wọ ìkòkò náà. Ó yẹ kí ìyàwó Baba ti lọ sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó sún àga rẹ̀ díẹ̀, kí òjìji òun lè bo òdòdó náà.