Ihò Ìsàlẹ̀ Lára Tọ́rótù Bàbá Wa

Kékeré ni mo wà, eyín iwájú mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni, nígbà tí bàbá wa ń fi lọ́rì kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti Ẹ̀gùá wá sí Ìlaròó. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé bí ẹ ṣe ń wakọ̀ yìí ni wọ́n ń wà á nígbà náà. Bàbá wa á kọ́kọ́ bọ́ bàtà, á tì í sábẹ́ ìjókòó, á gbọn erùpẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, kó tó gbé e lé tọ́rótù, irin gbọọrọ tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. "Ẹni tó bá wọ bàtà wakọ̀, adití ló ń wakọ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ó ní ẹsẹ̀ lòun fi ń gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ.

Ihò méjì ló wà lára tọ́rótù yẹn, ọ̀pá irin kan ló sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ki ẹnu ọ̀pá náà bọ ihò òkè, díẹ̀ lẹ máa tẹ̀, lọ́rì á ti ké, á ta lọ. Bó bá jẹ́ ihò ìsàlẹ̀ ni, nítòsí ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí, jẹ́jẹ́ ni yóò máa lọ. Bàbá wa fúnra rẹ̀ ló lu ihò ìsàlẹ̀ yẹn nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wúwo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gun lọ́rì, ilé adìyẹ àlùfáà ìjọ wa ló fi wó. Màmá wa ló lọ tọrọ àforíjì.

Odindi ọdún méjì ni ọ̀pá fi wà ní ihò ìsàlẹ̀. Àwọn awakọ̀ gáréèjì Ayétòrò mọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí. "Ìsàlẹ̀, ṣé o ti dé òkè?" Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹrù kún lọ́rì dẹ́nu, tó gun gbogbo òkè ọ̀nà láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú, bàbá wa mú sípánà lójú gbogbo gáréèjì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ̀pá kúrò ní ihò ìsàlẹ̀, ó fi sí ti òkè. Kò sọ ju "Ó tó" lọ. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ dúró sẹ́yìn táyà, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Bàbá wa ti kú tipẹ́. Lọ́rì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ti darúgbó. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kú pátápátá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó ta lọ́rì fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó kọ̀ jálẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá tà á, kí ni mo fẹ́ máa jí ṣe?" Ó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ láti Kútọnu, mẹkáníìkì sì gbé e wọ inú lọ́rì. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tuntun yìí kò mọ ọ̀pá irin, wáyà iná ló mọ̀. Tọ́rótù tirẹ̀ bá a wá, oníke, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ lé e, kò ṣeé ṣe. Jáàkì ọkọ̀ ti fọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rí, kò ṣeé ká mọ́; irin gbọọrọ àtijọ́ nìkan ló gba gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ sì ti sọ ọ́: bí kò bá lè wà á fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn onírin ń bọ̀.

Rẹwáyà, ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ibodè tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ló ní kò le. "Bàbá, irin tiyín la ó fi máa tẹ ike tiwọn." Ó fi oníke pamọ́ sábẹ́ pákó ilẹ̀ ọkọ̀, ó fi ọ̀pá kúkúrú so ó mọ́ tọ́rótù bàbá wa, ní ihò òkè. Ibẹ̀ ni bàbá wa fi í sí kó tó kú. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó gbọn ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́rì fò! "Dúsúmà! Dúsúmà!" ni rẹwáyà ń ké, bí wọ́n ṣe ń sọ pé kéèyàn rọra lọ́dọ̀ wọn. Inú òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni lọ́rì lọ dúró sí. Ìyàwó kàn ká ọwọ́ lérí. "Bàbá wọn, ṣé adìyẹ àlùfáà lẹ tún ń wá?"

A rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Fóònù ló yọ, ó ń wá nọ́ńbà àwọn onírin.

"Irin yín ń rìn jìnnà," ni rẹwáyà wí. "Ike yìí, ìrìn kékeré ló mọ̀."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, ó sì wúwo lẹ́nu mi. "Ihò ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé mo wà lára àwọn awakọ̀ gáréèjì ọjọ́ sí. "Ìwọ àbúrò yìí, o ò gbàgbé nǹkan kan láyé." Ó wá ìṣó, ó bẹ̀rẹ̀ tìrora-tìrora, ó fi ha gíríìsì gbígbẹ tó dí ihò náà. "Ó dáa. Ẹ dá mi padà."

Rẹwáyà ki ọ̀pá bọ ihò ìsàlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni lọ́rì gbéra. Àkọ́bí rẹ̀ ti fóònù bọ àpò.

Mo jókòó tì í dé Ẹ̀gùá. Lójú ọ̀nà mo bi í bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tuntun náà sí. "Ó ń gbọ́ tèmi," ó ní, "àmọ́ kò sọ nǹkan kan padà." A yà ní gáréèjì Ayétòrò. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ní Ìsàlẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti lọ tán.

Mi ò bá ayé jà. Bí kò bá sí wáyà, lọ́rì bàbá wa ì bá ti di irin yíyọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá wà ní ìsàlẹ̀ mọ ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ òun. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó ń wá bàtà. "Mo ti ń wà á dáadáa báyìí," ó ní, "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àbúrò ni mí; ẹnu mi kò gba "Ó tó" bàbá wa.