Àáró Ẹgbẹ́ Họ́kì Wa

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ìyà ṣe ń jẹni láìsí ẹni tó ránni níṣẹ́, kó wá máa wo họ́kì ní Kábà. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni gbogbo ayé ń wò. Àwọn tó ń wò ó a yan ẹgbẹ́ ìlú òyìnbó tó ń borí, wọn a ra aṣọ rẹ̀ wọ̀, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi, wọn a bọ́ aṣọ náà, wọn a ra òmíràn. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ló fi ẹgbẹ́ họ́kì ìlú wa lé mi lọ́wọ́, bí àìsàn ìdílé, n kò sì rí ibi tí mo lè gbé e sọ̀ sí.

Ìyá mi gbá họ́kì nígbà èwe rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́bìnrin. Ìjọba Àríwá ló ń ṣàkóso wa nígbà náà, àwọn òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ wọn sì gbà pé ọmọbìnrin tí kò bá lè fi ọ̀pá tó tẹ̀ lórí lé bọ́ọ̀lù kiri kò lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló di ilé ìwé gírámà tí mo ti ń ṣe olùkọ́ lónìí. Pápá wọn kò kúrò níbẹ̀, òun náà sì ni ẹgbẹ́ ìlú wá ń lò. Nítorí náà, bí ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀ pápá yẹn, “pápá mi” ló máa ń pè é.

Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti òun a gbé àga, a lọ jókòó sábẹ́ igi irú kan tó wà ní ìpẹ̀kun pápá, lẹ́yìn ibi tí aṣọ́lé wa máa ń dúró sí. Ìyá mi kì í jókòó jẹ́ẹ́. “S’úlé! Ẹ padà s’úlé!” ni yóò máa ké. Ulé ni àwa ń pe ilé. Ilé tó ń sọ nígbà náà ni òpó méjì tí a rì mọ́lẹ̀, tí a ta àwọ̀n ẹja sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọ̀. Ó máa ń wọ̀ ọ́.

A ti pàdánù nínú òjò, a ti pàdánù nínú ọyẹ́. Àwọn ará Ìyàrà ti nà wá lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn wọ sálúbàtà wá sórí pápá. Lọ́jọ́ kan tí a gbá ọ̀mì, ìyá mi pa adìẹ. Bí eré bá parí, àwọn àlejò a máa rọra kọjá lọ́dọ̀ wa, wọn a ní, “Okun o, Màmá, okun o.” Ìkíni wa nìyẹn ní gbogbo agbègbè yìí, a fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, a fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. N kì í bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ní lọ́kàn.

Mo ti bínú jáwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti sọ fún ìyá mi pé ẹgbẹ́ yìí kò ní láárí, pé kí n kúkú máa sùn lọ́sàn-án Sátidé bíi ti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Yóò wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. “Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ,” ni yóò wí. Èmi náà yóò sì gbé àga.

Ọ̀rọ̀ wá di ti òdodo lọ́dún tó kọjá. Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ní Lókójà ní àwọn kò lè máa bójú tó ẹgbẹ́ họ́kì púpọ̀ mọ́. Àwa àti ẹgbẹ́ Lókójà fúnra wọn ló kù, wọ́n sì ní ká wá gbá a ní pápá wa. Bí a bá borí, ẹgbẹ́ wa ni wọn yóò máa tọ́jú. Bí a kò bá borí, kódà bí a gbá ọ̀mì, kí a tú ká. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti ń retí ìgbà bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wa ní ìpàdé pé lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ náà bá tú ká ni òun yóò pín pápá fún àwọn olùkọ́ kí a lè rí ibi dáko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyá mi gbé oúnjẹ sílẹ̀. “Wọ́n á gbin iṣu sí pápá mi?”

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ wa tí a fi lè borí ẹnikẹ́ni: aṣọ́lé. Àgbẹ̀ ni, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀, oko bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀nà Àyèwá. Ẹni tó ń rọ́pò rẹ̀ máa ń dijú bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀. N kò dá a lẹ́bi, bọ́ọ̀lù họ́kì le bí òkúta, ṣùgbọ́n ẹni tó dijú kò lè ṣọ́lé.

Ó ku ọ̀la kí a gbá eré náà, aṣọ́lé yìí wọlé tọ̀ wá wá ní kùtùkùtù, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.

“Okun o, Màmá. Ẹ má bínú, n kò ní lè wá lọ́la.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Bàbá ṣubú, ìdí wọn ti yẹ̀, wọn kò lè dìde. Ẹ sì rí i pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó rọ̀ lánàá nìkan ló mú ilẹ̀ dẹ̀. Bí n kò bá kọ ebè wọn lónìí àti lọ́la, ilẹ̀ á tún gan, a ò ní rí iṣu gbìn.”

Òótọ́ ló ń sọ. Bí ilẹ̀ wa bá ti gan, ọkọ́ kò ràn án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń wá gèlè rẹ̀.

“Ṣé kò sí àáró mọ́ ní ìlú yìí ni?” ó wí.

Nílé wa, bí iṣẹ́ bá wọ ẹnì kan lọ́rùn, ẹgbẹ́ rẹ̀ a lọ bá a ṣe é, òun náà a sì san án lọ́jọ́ tiwọn. Ẹni tó bá dé oko lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ omi ló pọn, ó ti ní ọjọ́ tirẹ̀ tí wọ́n máa san. Ìyá mi rán mi sí balógun ẹgbẹ́, télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà. Òun ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Télọ̀ pe àwọn yòókù, kò sí ẹni tó kọ̀. Kí oòrùn tó mú, gbogbo ẹgbẹ́ ti wà lóko ọ̀nà Àyèwá, ọlọ́kadà, ẹni tó ń gẹrun, ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ìyá mi ń gún iyán lábẹ́ igi, èmi ń pọn omi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n to ara wọn sórí ilẹ̀ yẹn dáadáa ju bí wọ́n ṣe máa ń to ara wọn sórí pápá lọ. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ebè ń dìde lẹ́yìn wọn. Bàbá aṣọ́lé ń ṣàdúrà fún wọn láti orí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún un lẹ́nu abà. Ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ parí, aṣọ́lé sì dòmìnira.

Ìgbà tí wọ́n ń wẹwọ́ kí wọ́n jẹun ni ìyá mi di ọwọ́ télọ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú, omi ti gbárajọ sábẹ́ awọ. Ọwọ́ abẹ́rẹ́ kò mọ ọkọ́. Ìyá mi yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó wo ọwọ́ ọlọ́kadà, ó wo ti ẹni tó ń gẹrun, bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n mú òrí wá. Ó fi pa á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ ní, “Màmá, kò ní ṣe nǹkan kan.”

Ó ṣe nǹkan. Lọ́jọ́ kejì, kí eré tó dé ìdajì, àwọn ọwọ́ náà ti bẹ́, wọ́n fi àkísà wé e, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe àgbẹ̀ nínú wọn kò lè di ọ̀pá mú gírígírí mọ́. Aṣọ́lé nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó mú ohun gbogbo tí Lókójà gbá sí i, tọwọ́ tẹsẹ̀, títí tí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbọ́. Nígbà tí eré ń lọ sópin, bọ́ọ̀lù bọ́ sí iwájú télọ̀. Aṣọ́lé Lókójà ti ṣubú, ilé wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo dìde. Ìyá mi kò dìde, ó di apá àga rẹ̀ mú. Télọ̀ gbé ọ̀pá sókè láti gbá a, ọ̀pá náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò lọ. Bọ́ọ̀lù kò kúrò níbi tó wà. Àwọn ará Lókójà gbà á, wọ́n sáré, gbogbo tiwa sì ti wà níwájú ilé wọn. “S’úlé!” ni ìyá mi ké, ohùn rẹ̀ ya. Aṣọ́lé jáde sí wọn, ó nà tán. Bọ́ọ̀lù gba abẹ́ apá rẹ̀, ó wọlé níwájú wa gan-an, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú àwọ̀n.

Télọ̀ jókòó sílẹ̀ ní òdìkejì pápá, kò dìde nígbà tí fèrè dún. Ìbànújẹ́ tó bá mi lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ pé eré lè fà á. Àwọn àlejò kọjá, wọ́n kí wa. Ìyá mi dáhùn. Ó ká àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá a gbé e.

Ìròyìn dé láti Lókójà pé a ti tú ká. Ọ̀gá ilé ìwé pín pápá. Bí orí mi ṣe máa ń ṣe é, ìpín tèmi bọ́ sí abẹ́ igi irú, ojú ilé tí aṣọ́lé wa máa ń ṣọ́ gan-an. Mo ní n kò fẹ́. Ìyá mi ní, “Gbà á. Bí o kò bá gbà á, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò gbà á.”

Nígbà tí òjò padà dé, mo ń wá alágbàṣe tí yóò bá mi kọ ebè. N kò rántí àáró. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n rántí omi tí mo pọn. Ní Sátidé kan, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ọkọ́ ní èjìká, gbogbo wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí aṣọ náà wà fún mọ́, wọ́n ti sọ ọ́ di aṣọ oko. Ìyá mi gbé àga lọ sí ibi tó máa ń jókòó sí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi àárín pápá, wọ́n ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Wọn kò bú ara wọn, wọn kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí aṣọ́lé dé ibi tí àwọn òpó máa ń wà, ó dúró. Ihò wọn ṣì wà nílẹ̀. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo wọn dúró.

Ìyá mi dìde. “Fún mi ní ọkọ́ yẹn.”

“Màmá, ẹ jókòó, a máa ṣe é.”

“Fún mi.” Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Èmi ni mo kó yín lọ sí oko ọjọ́ yẹn.”

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í kọ ebè, ìyá mi kò sì kọ ọ̀kan rí láyé rẹ̀. Ó fi ọkọ́ lu ilẹ̀, kò wọlé. Ó tún lù ú. Mo dìde láti lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Télọ̀ ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán wọ́ erùpẹ̀ tó bá hú jọ, àpá ọjọ́ náà hàn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ṣíwọ́ títí ebè náà fi dúró.