Ẹ́ńjìnnì Tó Sùn Lórí Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá lọ́dún 1979, etí omi ní Bàrígà ni ilé wa wà. Ìlàjẹ ni wá. Bàbá mi ń pẹja lórí ọ̀sà, ìyá mi ń yan án, èmi ni mo sì máa ń fẹ́ iná, tí èéfín á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Lọ́dún ìbò yẹn, mọ́tò olóṣèlú ò wọ́n ládùúgbò wa. Wọ́n á fi gbohùngbohùn pariwo pé táwọn bá wọlé, gbogbo apẹja tí kò ní ẹ́ńjìnnì láwọn máa fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí wa gbà wọ́n gbọ́ o.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ wa. Olùkọ́ ìtàn ni ní yunifásítì ní Akoka, Abúlé Òkúta ló sì ń gbé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń gbé rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀ kọ́ èjìká. Tísà là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yà wá lẹ́nu: kì í bèèrè ọba, kì í bèèrè ogun. Ìtàn ẹ̀rọ ló ń wá kiri, ohun tí ẹ̀rọ ń sọ àwọn èèyàn dà tó bá ti wọ àárín wọn. Ó ti lọ bá àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ó ti jókòó ti àwọn tó ń lọ ata, ó wá kan apẹja. Ó sọ fún bàbá mi pé àwọn ọ̀gá òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ló ń kọ ìtàn irin. Tí wọn ò bá gba ohun tó máa kọ nípa wa wọlé, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń pín ẹja fún yín. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, olúkúlùkù ẹni tó lọ á gba ìpín tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà á gba tirẹ̀, bíi pé ó lẹ́nu, ẹni tó ni ín ló sì máa ń bá a jẹ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, bàbá mi àti àbúrò wọn ni wọ́n jọ ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀. Àbúrò bàbá mi yìí ò jìnnà sí wa lọ́jọ́ orí, a jọ ń ṣeré bí ẹgbẹ́ ni. Nígbà tí bàbá mi ra ẹ́ńjìnnì, ìpín irin wá pọ̀ ju ìpín àbúrò wọn lọ. Ó ní òun ò lè bá irin du ẹja, ó bínú kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Bí Tísà ṣe dé, àwọn àgbà etí omi forí korí. Wọ́n ní ìjọba tó ń bọ̀ ló rán an, pé ó wá wo àwọn tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni. Kíá, gbogbo ẹ́ńjìnnì Bàrígà wá ibi forí pamọ́ sí! Àwọn kan gbé tiwọn sábẹ́ àwọ̀n, àwọn kan gbé e síbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Tiwa, orí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ni wọ́n gbé e sùn sí, wọ́n fi ìró bò ó. Tẹ́nikẹ́ni bá bèèrè, màmá àgbà ni, ara wọn ò yá. Orí ẹní lèmi ń sùn, tí òórùn pẹtiróòlù ń gbà mí nímú.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ò lè dá tukọ̀ dójú ọ̀sà kí wọ́n tún máa da àwọ̀n. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí àbúrò wọn nìyẹn. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ dé. Ẹ bá mi wo ayọ̀! Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn lórí omi, tí wọ́n ń dápàárá, tí wọ́n ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá mi lè kọrin. Èjìká ń dun gbogbo apẹja, wọ́n ń ṣépè fún Tísà lábẹ́lẹ̀, èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kó má tètè lọ.

Inú Tísà náà ń dùn. Ó ní òun máa kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ò wọ apẹja Bàrígà létí, pé àjẹ̀ ni wọ́n yàn. Ìyá mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Àánú ọmọ ọlọ́mọ tó fẹ́ gbé irọ́ lọ síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ṣe wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí bàbá mi ń tún àwọ̀n ṣe níta, wọ́n ní, "Tísà, ẹ wá kí aláìsàn wa." Wọ́n ṣí ìró.

Tísà wo irin náà títí. Ó fìdí lélẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá pe bàbá mi wọlé.

"Bàbá, mi ò bínú. Ẹ ṣáà sọ fún mi, ta ló ń bá yín tukọ̀ báyìí?"

"Àbúrò mi ni."

"Kí ẹ tó gbé e pamọ́ ńkọ́?"

Bàbá mi ní, "Irin yìí ló gba ipò ẹ̀. Kò dẹ̀ sẹ́ni tó sọ fún mi pé bó ṣe máa rí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Tísà gbé lọ sí Akoka. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbà á wọlé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tó yá.

Àṣírí ti tú, kò sí ohun tá à ń fi pamọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì padà sídìí ọkọ̀. Àbúrò bàbá mi dé etí omi láàárọ̀, àjẹ̀ wà léjìká rẹ̀. Bàbá mi ní, "Bọ́ sínú ọkọ̀, jẹ́ ká máa lọ."

Ó wo ẹ́ńjìnnì náà. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni màá wá máa ṣe níbẹ̀?"

Àbúrò bàbá mi yí padà, ó gba Ṣómólú lọ, ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú.

Ẹ wo etí omi yẹn lónìí, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí ọmọdé tó mọ àjẹ̀ dì mú. Ẹ́ńjìnnì olóṣèlú, à ń retí ẹ̀ títí dòní. Mi ò ní kẹ́ ẹ kórìíra ẹ̀rọ o. Fóònù ni mo fi ń rójú àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà lókè òkun, mo sì dúpẹ́. Ayé ti yí, ó sì dára lápá kan.

Nígbà tí bàbá mi darúgbó, Tísà mú ìwé tó kọ wá fún wọn. Òyìnbó ló fi kọ ọ́, èmi ni mo ń túmọ̀ ibi tó kàn wá sí èdè wa. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣó wà níbẹ̀ pé mo pe àbúrò mi sínú ọkọ̀?"

Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀. Tísà ò sí létí omi láàárọ̀ yẹn. Èmi ni mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá mi pè é.