Kóró Kajú Mẹ́rin Tó Ṣẹ́kù

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Tchatchou, torí náà èmi ni wọ́n máa ń pè nílé bí nǹkan bá di pípín. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà ní ká máa gbé ìyá mi padà sílé ní Tchaourou, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tonton, ní ká ka àsàlátù fún ìyá mi, irú èyí tí wọ́n ń kà ní ìgbà 4444. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Kóró kajú la fi ń ka iye rẹ̀ nílé wa: bí o bá kà á lẹ́ẹ̀kan, o ó mú kóró kan kúrò lọ́tùn-ún sí òsì. Inú àpò kajú tí ìyá mi fẹ́ tà la ti bù ú.

Àwa mọ́kànlá la jókòó. Mọ́kànlá pín nọ́ńbà náà gbáko, irinwó ó lé mẹ́rin lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Inú mi dùn sí i bíi pé oògùn ni. Àfi bí ọ̀kadà zémidjan ṣe gbé Tata, àbúrò ìyá mi, dé láti Sanson, tòun ti eruku. A di méjìlá.

"Pròf, tún un pín," ni Tonton wí.

"Kò lè pín, Tonton."

"Ó tóbi tó yìí, kó má pín?"

"Ẹ ro mẹ́rin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹ̀ pọ̀, mẹ́rìndínlógún ni. Mẹ́ta ò pín ìyẹn, torí náà mẹ́ta ò lè pín odidi ẹ̀, méjìlá náà ò sì lè pín in."

Ohùn mi ti lọ sókè. Èmi tí mi ò lè mú kí ìyá mi gbé omi mì, nọ́ńbà ni mo wá ń bá jà. Bí kálukú bá gba ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́rin, mẹ́rin á ṣẹ́ kù.

"Ẹ kó mẹ́rin yẹn fún mi," ni ìyá mi wí láti orí ẹní.

A kó o sí i lọ́wọ́. Ó ka ọ̀kan, ó jẹ́ kí kóró náà bọ́ sílẹ̀, ó sinmi. Ó pẹ́ kó tó ka èkejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta bọ́, púpọ̀ nínú wa ti parí tiwa. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde mọ́.

"Ṣé ká bá wọn kà á?" ni Tata bèèrè.

"Ẹni tó gba ìpín ló ń ka ìpín," ni Tonton dáhùn. Ó wá ń wò mí, bíi pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹyọ kan.

"Màmá, ó ku ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ pa dé mọ́ kóró náà. Tata ló ṣí i nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín.

4443 la kà.