Ológbò Tó Ń Bímọ fún Gbogbo Zongo

Ológbò màmá mi ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbà pé mi ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ Ọlọ́run. Olùkọ́ ni mí nígbà náà o, láàárín àwọn ọdún 1990, ìwé tí mo kà sì máa ń gùn mí díẹ̀. Ilé bàbá mi ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, la wà. Alfa ni bàbá mi, ará Ìlọrin. Tamale níbẹ̀, ní Ghana, ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi ń ta àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀pà ní ọjà Aboabo, ẹni tó bá sì ń ta ẹ̀pà mọ̀ pé eku kò ní jẹ́ kí òun sinmi, àfi bó bá ní ológbò.

Dúdú ni tiwa, àyà rẹ̀ funfun, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Láàárín àwa Mùsùlùmí Zongo, a kì í ta ológbò. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan á wá tọrọ ni. Bí ikùn ológbò wa bá ti ń yọ báyìí, àwọn oníṣòwò á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí màmá mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Hajia, ẹ má gbàgbé tèmi o." Ẹ ò rí bí inú wọn ṣe máa ń dùn! Wọ́n á wádìí ilé tí ọmọ ológbò ń lọ bí ẹni ń wádìí ilé ọkọ. Wọ́n á ní, "Ti lágbájá? Rárá o, ajá rẹ̀ burú." Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù láti Aboabo dé Tishigu ni ọmọ ológbò wa ń ṣọ́.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí tí kò bá kú lọ́dọ̀ wa á kú lọ́dọ̀ ẹni tí a fún. Á kàn máa rù, èrìgì rẹ̀ á funfun, kò ní jẹun mọ́, ó parí. Obìnrin kan tó ń ta òrí ní Tishigu ti gba méjì lọ́wọ́ wa. Ti àkọ́kọ́ yè, èkejì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ọwọ́ Hajia kò dáa. Ohun tí wọ́n bá fúnni kì í tọ́jọ́."

Inú bí mi débi pé mo ti ń wá ìborùn mi kí n lọ bá a jà. Bàbá mi ní kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, kò sẹ́ni tó wá tọrọ ológbò mọ́. Nígbà tí tiwa tún bí, ẹnikẹ́ni ò wá kí wa. Màmá mi, tí ẹ̀rín wọn máa ń dé ojú ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú àpò ẹ̀pà láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbà pé lóòótọ́ ni ọwọ́ àwọn kò dáa.

Àgbò bàbá mi tó ń ṣàìsàn ló mú dókítà ẹran wọ ilé wa. Ọmọbìnrin Dagomba, ẹ̀yà tó ni Tamale, ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé láti òkè òkun, Hausa la sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó tọ́jú àgbò tán, ó wá rí ọmọ ológbò kan tó ń kú lọ lẹ́bàá ìkòkò omi. Ó ní kí a gbé ìyá rẹ̀ wá. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, ó kán an sínú ike kékeré kan tó mú ti òkè òkun bọ̀, gbogbo wa sì ń wò ó. Àwọ̀ búlúù rọra yọ níbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

"Hajia, àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀," ló sọ. "Ó ń gba inú ọmú àti itọ́ ran àwọn ọmọ rẹ̀. Kì í ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó ń wò ó."

Mo wo ológbò náà. Ara rẹ̀ ń dán, ó sanra, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló pa eku. Ó ti ń gbé ikú àwọn ọmọ rẹ̀ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, òun alára kò sì mọ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

"Gún un lábẹ́rẹ́ nígbà náà, ọmọ mi," màmá mi ní.

"Abẹ́rẹ́ àrùn yìí wà, mo mú díẹ̀ wá nínú yìnyín. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì ní i là ń gún, kó má bàa ní i. Lára tiyín, omi lásán ni."

"Kai! Ẹ ó fún ẹni tí ara rẹ̀ le lóògùn, ẹ ó wá pa aláìsàn tì?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò pa á tì, òun á gún un ní ti dìgbòlugi, nítorí ìyẹn ṣì máa wúlò fún un. Ó ní àwọn mìíràn á ní kí a pa á, ṣùgbọ́n òun ò ní sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó ṣì ń jẹun, tó sì lágbára. Ohun tí òun fẹ́ ni kí a yọ ilé ọmọ rẹ̀, kó má bímọ fún ikú mọ́, kó sì jókòó sílé, kó máa dá jẹun nínú àwo tirẹ̀.

"Mi ò ní purọ́ fún yín, Hajia. Pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ yìí, ó lè sùn kó má jí."

Àwọn ọmọ ológbò yẹn ni iyì màmá mi ní Zongo. Bí dókítà bá yọ ilé ọmọ náà, kò sí bí wọ́n ṣe tún máa fún ẹnikẹ́ni ní ọmọ tó yè. Bí wọn ò bá yọ ọ́, ikú ni wọ́n á máa pín kiri. Wọ́n bi bàbá mi bóyá ẹ̀sìn gbà á. Bàbá mi ní a máa ń tẹ àgbò lọ́dàá kó lè sanra, ṣùgbọ́n ti ológbò, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Bàbá mi wọlé lọ wo ìwé wọn. Lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n jáde.

"Bó bá jẹ́ láti dènà ìpalára ni, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ológbò rẹ ni. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

"Kó yọ ọ́," màmá mi ní.

Lórí tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ ni dókítà ti ṣe é, lẹ́yìn tó ti fi oògùn nù ún mọ́. Màmá mi di orí ológbò mú títí abẹ́rẹ́ oorun fi mú un sùn. Dókítà là á níkùn, ibi tó là kò ju ìka lọ, ó fi irin kékeré kan fa nǹkan jáde. Ó tín-ín-rín bí okùn bàtà, ó sì ya sí méjì.

"Ilé ọmọ náà rèé," dókítà ní.

"Subhanallah!" Màmá mi sún mọ́ ọn. "Ibí yìí ni gbogbo wọn ti jáde?"

Mo máa ń ya ẹ̀yà ara sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo máa ń tọ́ka sí i pẹ̀lú igi. Níwájú okùn kékeré yẹn, ìwé tí mo kà kò gùn mí mọ́. Gbogbo ológbò tó ń sùn lórí àpò ọkà káàkiri ìlú, inú ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti hun wọn, egungun, irun, èékánná. Omijé bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Ológbò jí. Nígbà tó jẹ ẹja, màmá mi forí kanlẹ̀ dúpẹ́.

Dókítà wá sọ pé iṣẹ́ ṣì kù. Ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wò, kí a gún èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ lábẹ́rẹ́, kí a sì ya èyí tó ní i sọ́tọ̀. Ìyẹn ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún wọn.

"Màmá, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́," mo ní. "Ta ló mọ̀?"

"Èmi mọ̀," wọ́n ní. "Gbé alùpùpù jáde. Tishigu la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Dókítà gun tirẹ̀ tẹ̀ lé wa. Obìnrin olóòrí náà rí wa, ó di ojú rẹ̀ pọ̀. Màmá mi ò tiẹ̀ jókòó.

"Òótọ́ lo sọ," wọ́n ní. "Ilé mi ni ikú yẹn ti wá. Àrùn ló wà lára ìyá wọn, mi ò mọ̀ ni. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí dókítà wo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ."

Èmi tí mo wá pẹ̀lú ìjà lẹ́nu, mo kàn ń wo màmá mi bí ẹni tí mi ò rí rí. Obìnrin náà lọ gbé ológbò rẹ̀ wá. Dókítà kán ẹ̀jẹ̀ sínú ike. A dúró, dúró. Búlúù kò yọ. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ológbò náà pariwo, ó sì sá wọ abẹ́ igbá òrí.

Obìnrin náà lóṣòó síwájú màmá mi. "Hajia, ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ìyá wọn bá tún bí, ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́."

Ohun tí màmá mi ti ń retí kí ẹnì kan sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Wọ́n fà á dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

"Kò ní bímọ mọ́," wọ́n ní.

Lẹ́yìn mi lórí alùpùpù, wọ́n sunkún títí a fi dé ilé tó kàn.